Mẹ́dáàlì Bàbá Olóògbé Lábẹ́ Jákẹ́ẹ̀tì Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín, ẹ má dúró dìgbà tí mo bá parí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí. Èmi fúnra mi ti fi ara mi rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ rọra rín in o, torí ohun tí mo ṣe yìí, ẹnikẹ́ni tó bá ti ń wù ú kí wọ́n pe òun ní ẹni ńlá lè ṣe é.

Kóyọ̀dé lorúkọ mi. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí, mo sì ti jẹ ìyà kárí ayé. Mo ti sùn sábẹ́ afárá ní Kùtọnu. Mo ti ru ẹrù ní Tripoli, mo ti fọ abọ́ ní Naples. Lẹ́yìn náà ni mo lo ọdún mọ́kànlá ní Hamburg lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan, Frau Wendt, tó ń ta ohun àtijọ́ ní ọjà òpin ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ láyé: kí n gbé mẹ́dáàlì ológun Jámánì sọ́wọ́, kí n yí i síwá sẹ́yìn, kí n sì sọ ọdún tí wọ́n ṣe é fún ọ.

Níhìn-ín ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé Mummy Tinúọlá ni mo ń gbé, ní yàrá kékeré tó wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀. Opó ni wọ́n, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n, iṣẹ́ care ni wọ́n sì ń ṣe, wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, orí páálí ni wọ́n ti bá mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọn ò bèèrè ìdílé mi, wọn ò bèèrè ìwé ìgbélùú mi. Wọ́n ní, "Dìde ńlẹ̀, ọmọkùnrin yìí. Otútù yìí ò gbọ́ Yorùbá, kò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹ." Bí mo ṣe dé ilé yẹn nìyẹn. Bí wọ́n bá lé mi níbẹ̀, kò síbi tí mo lè gbà lọ mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ lè mọ irú orí tí mo gbé sọ́rùn.

Lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹta, Mummy kan ilẹ̀kùn mi gbàgbàgbà.

"Jámánì! Jámánì o!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè mí bí inú wọn bá dùn. "Wá bá mi wo nǹkan tí mo rí."

Bàbá kan wà ní Brockley tí wọ́n tọ́jú fún ọdún mẹ́rin, Bàbá Kurt, ọmọ Jámánì tó ti di ará Lọ́ńdọ̀nù láti ìgbà èwe. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Elke, ọmọ-ọmọ rẹ̀, kó àwọn aṣọ rẹ̀ fún Mummy pé kí wọ́n pín wọn fún aláìní. Inú aṣọ ìtẹ́nú kóòtù kan, níbi tí wọ́n ti rán nǹkan kan mọ́ ọn, ni Mummy ti já ohun tí wọ́n wá gbé síwájú mi yìí.

"Mo ti pe ọmọ náà," ni wọ́n wí. "Ńṣe ló bú sẹ́kún lórí fóònù. Ó ní gbogbo ọjọ́ ayé bàbá àgbà òun ló fi wá a, pé bàbá tó bí i ló ni ín. Ó ń bọ̀ wá mú un lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó bi mí pé kí ni gan-an ni, ọdún wo sì ni. Mo ní má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú, mo ní ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ilé."

Ọ̀jọ̀gbọ́n! Èmi tí n kò ní ìwé mẹ́fà! Ẹ̀yin ará, orí mi wú tó bẹ́ẹ̀ tí fìlà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á mọ́.

Mo tú bébà tí wọ́n fi wé e. Mo kígbe, "Yéè!"

Mẹ́dáàlì mẹ́ta ni, wọ́n tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sórí irin tín-ín-rín kan, oníkálukú pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù tirẹ̀ tí wọ́n ṣẹ́ po dáadáa. Aṣọ híhun tó nípọn ni wọ́n fi bo ẹ̀yìn rẹ̀, abẹ́rẹ́ gígùn sì wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń gún un mọ́ àyà. Ó mọ́ tónítóní. Òórùn kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lára rẹ̀, mo rò pé ti ọwọ́ Mummy ni.

"Mummy, ẹ jókòó. Ẹ wo èyí àkọ́kọ́, àgbélébùú irin dúdú yìí. Ẹ rí 1914 lára ẹ̀? Ogun àgbáyé kìíní. Ìkejì, àgbélébùú tó ní idà méjì yìí, àwọn tó dé ojú ìjà gan-an nínú ogun yẹn ni wọ́n fún. Ìkẹta, ti àwọn tó jagun fún Jámánì nílẹ̀ Áfíríkà, nígbà tí wọ́n ní ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ ka ohun tó wà lára irin pẹlẹbẹ tó dábùú rìbọ́ọ̀nù ẹ̀."

Mummy fa awò ojú wọn sílẹ̀. "Ka-me-run. Kàmẹ́rúùnù wo? Èyí tó bá wa pààlà yẹn?"

"Òun náà ni, mà."

Ojú wọn le díẹ̀. "Hmm. Òun àti Ọlọ́run ẹ̀ ti jọ sọ ìyẹn. Ọdún wo wá ni?"

"Ibẹ̀ gan-an lọgbọ́n wà! Òpè á rí 1914, á ní 1914 ni. Irọ́ ni. Àgbélébùú onídà yìí, 1934 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ rán ọ̀wọ́ yìí pọ̀ kí ìyẹn tó wáyé. Bí ẹ bá rí fọ́tò ìyá àti ọmọ, ṣé ọjọ́ orí ìyá lẹ ó fi mọ ọdún tí wọ́n yà á ni? Ti ọmọ ni. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló ń jẹ́rìí fún gbogbo wọn."

Mummy pàtẹ́wọ́. "Ọ̀jọ̀gbọ́n mi àtàtà! Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìwọ lo máa dúró ṣàlàyé fún wọn. Tọ́jú ẹ̀ sọ́dọ̀ ẹ kó má lọ sọnù."

Wọ́n jáde. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo sì gún nǹkan náà mọ́ àyà.

Mo wo ara mi nínú dígí. Ẹ̀yin ará, mo ga sí i! Ikùn mi wọlé, èjìká mi yọ síta. Mo kí ara mi bí ológun, ará inú dígí náà kí mi padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó fún mi ní ohunkóhun pé mo gbìyànjú. Kódà nílé ìwé, ẹgba ni wọ́n máa ń fún mi ní òpin ọdún.

Ẹ lè ní, ìwọ tó bá oníṣòwò mẹ́dáàlì gbé fún ọdún mọ́kànlá, ṣé o ò ní tìrẹ ni? Mo ní. Agolo bisikí kan ni Frau Wendt fi sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń kú lọ, irú mẹ́ta yẹn gan-an sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyọ-ẹyọ ni wọ́n, ọmọ òrukàn, ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti rà wọ́n. Wọn ò jọ gun àyà ẹnì kankan rí. Èyí tó wà ní àyà mi yìí, ènìyàn kan ló ni ín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti bá a jókòó nínú ìjọ, ó ti bá a dúró síbi ìsìnkú. Ìyẹn ló ń pa mí bí ọtí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gún un sí abẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, mo bọ́ sí Rye Lane lọ ra búrẹ́dì. N ò ṣí jákẹ́ẹ̀tì o. Ẹnì kankan ò rí i. Síbẹ̀, ẹlẹ́ja tí kì í dá mi lóhùn wò mí lókè wò mí nílẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Sà! Ṣé ẹ ń gbọ́? Mo ra ẹja tí n kò nílò.

Lọ́jọ́rú, mo wọ bọ́ọ̀sì 12. Mo gun òkè, mo jókòó síwájú pátápátá, mo gbọ́wọ́ lé orúnkún, mo ń wo Lọ́ńdọ̀nù bí ọ̀gágun tó ń yẹ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wò. Nígbà tí a dé Camberwell, mo mirí sí ọlọ́pàá kan pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó mirí padà!

Ọ̀rọ̀ Kamerun ńkọ́? Mo kà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ṣáà rí i pé èmi ni mo fi han Mummy. Mo mọ ohun tí wọ́n fi irú rẹ̀ san fún. Mo gbójú fò ó. Bí nǹkan bá ti wu ènìyàn jù, ojú á máa ka ibi tó bá wù ú, á fi ibi tó kù sílẹ̀.

Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, mo mọ̀ pé n kò ní lè fi sílẹ̀. Ohùn kan sì wọ inú etí mi, ó dùn bí oyin. Ó ní, "Kóyọ̀dé, kí ni ọmọ yẹn ń fẹ́? Ọ̀wọ́ mẹ́dáàlì. Fún un ní ọ̀wọ́ mẹ́dáàlì. Ṣé ó mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí ìkejì ni?"

Mo ṣí agolo bisikí.

Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Mo gé ẹ̀yìn rẹ̀ láti ara aṣọ híhun àtijọ́ kan. Mo fa òwú yọ, fọ́nrán kan lẹ́yìn èkejì, láti inú kóòtù ògbólógbòó tí mo rà ní Hamburg, èyí tó dàgbà ju èmi lọ. N kò fọwọ́ kan òwú tó wà nínú àpótí ìránṣọ Mummy. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé òwú ayé òde òní máa ń tàn bí wọ́n bá tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò sí i, irú èyí tí àwọn ọlọ́jà fi ń yẹ owó wò. Òwú ayé àtijọ́ kì í tàn. Bí mo bá ti rán mẹ́ta, mo máa pa iná, mo máa tan tọ́ọ̀ṣì mi. Dúdú bíi kóró iṣin! Mo máa rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn bí ẹlẹ́mìí.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe, ẹ̀yin ènìyàn mi. Irọ́ tí mo ń rán ni mo ń yẹ̀ wò. N kò tan tọ́ọ̀ṣì sí ojúlówó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ni mo fẹ́ wá lára rẹ̀? Inú kóòtù olóògbé ló ti jáde.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo kù díẹ̀ kí n parí ni ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Olúbùnmi ni, ọmọ Mummy tí wọ́n bí sí ìlú yìí. Ọmọ náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń kanlẹ̀kùn.

"Uncle Jámánì, kí lẹ ń rán?"

Mo fi ìrọ̀rí bò ó. "Bọ́tìnì."

"Bọ́tìnì tó ní sword? Okay o. Ẹ weird gan-an, I swear down." Ó ti fẹ́ lọ kó tó rántí ohun tó bá wá. "Oh, Mummy ní kí n sọ fún yín. Elke ń mú expert kan bọ̀ lọ́la. He's got a shop and everything. Ẹ máa jẹ́ two professors!"

Ó ti ilẹ̀kùn. Abẹ́rẹ́ wọ ìka mi lọ títí dé eegun.

Mo sọ fún ara mi pé kò sí wàhálà. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù, tọ́ọ̀ṣì ló máa tàn, tọ́ọ̀ṣì ò sì ní rí nǹkan kan. Ojúlówó ni mo ń rò. Níbo ni kí n fi í sí, nígbà tí Olúbùnmi ò mọ ilẹ̀kùn tó ṣeé kàn? Mo pinnu. Níbi tó ti wà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ló máa wà: abẹ́ jákẹ́ẹ̀tì mi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Mummy àti Olúbùnmi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Mummy ò tíì bọ́ sùtánà nígbà tí àwọn àlejò wọlé. Elke ga, irun rẹ̀ kúrú, ó tó ẹni ogójì ọdún, ó sì di Mummy mọ́ra fún ìgbà pípẹ́. Ọkùnrin tó bá a wá, Mr Crabbe, gbé àpótí kékeré kan lọ́wọ́, imú rẹ̀ pọ́n. Mummy fún wọn ní tíì àti mọ́ínmọ́ín. Mo gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi kalẹ̀ sórí tábìlì.

Mo sì ṣàlàyé. Ẹ̀yin ará, mo ṣàlàyé! Mo sọ ti 1914, mo sọ ti 1934, mo sọ ti ìyá àti ọmọ nínú fọ́tò. Mo ń rìn síwá sẹ́yìn lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mr Crabbe gbé gíláàsì rẹ̀ sójú, ó ń tẹ̀lé mi láti orí mẹ́dáàlì kan dé èkejì.

"Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ló rí," ló wí níkẹyìn. "Lẹ́yìn 1934. Iṣẹ́ télọ̀ tó mọṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni, níbo lẹ ti kọ́ èyí?"

"Hamburg," ni mo dáhùn, mo sì wo òkè àjà.

"Mo ti ń ṣòwò yìí fún ọgbọ̀n ọdún. N kò tíì gbọ́ ẹni tó là á yé mi báyìí rí."

Mummy na ìka sí mi. "Ṣé mo sọ fún yín? Tèmi ni! Ilé mi ló ń gbé!"

Ká ní mo kú ní ìṣẹ́jú yẹn, ọ̀run tààrà ni.

"Ó ku ẹyọ kan," ni Mr Crabbe wí. Ó mú iná aláwọ̀ àlùkò kan jáde, ó tóbi tó apá ọmọdé. "Ẹ bá mi fa kọ́tìnnì. Òwú tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ogun kejì máa ń tàn lábẹ́ iná yìí. Bó bá tàn, ayédèrú ni."

Èmi fúnra mi ni mo sáré lọ fa kọ́tìnnì. Ẹ fojú inú wò ó! Èmi ni mo pa ojú ọjọ́ dé fún ara mi.

Ó tan iná náà sórí tábìlì. Dúdú. Kò sí fọ́nrán kan tó ṣẹ́jú.

"Ojúlówó!" ni Mr Crabbe kéde.

Elke pàtẹ́wọ́. Olúbùnmi pàtẹ́wọ́. Mo tẹríba. Mummy ò pàtẹ́wọ́.

"Ẹ dákẹ́ ná," ni wọ́n wí. "Kí lẹ ní ó máa ń tàn?"

"Òwú tuntun, mà. Tàbí ohunkóhun tí wọ́n bá fi ọṣẹ òde òní fọ̀. Ẹ wo aṣọ yín."

Ó yí iná náà sí wọn. Áà! Mummy tàn láti ọrùn dé kókósẹ̀. Sùtánà náà mọ́lẹ̀ gbòò, ó funfun, ó tún ní àwọ̀ aró díẹ̀, àfi bí ẹni pé òṣùpá jókòó sórí àga.

"Mummy! Ẹ ti di angel! Oh my days!" Olúbùnmi ń fò sókè.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi ni mo tilẹ̀ rín in jù. Mummy nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí mo fi fọ sùtánà yìí," ni wọ́n wí, wọ́n rọra ń sọ ọ́, "òun náà ni mo fi fọ mẹ́dáàlì yìí."

Gíláàsì bọ́ lójú Mr Crabbe. "Ẹ ṣe kí ni?"

"Mo fọ̀ ọ́. Ó ti hu nínú kóòtù yẹn. Ṣé màá wá dá ohun ìní òkú padà fún ọmọ ẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí ni? Mo rẹ ẹ́ sínú báàfù kékeré mọ́jú, mo fi búrọ́ọ̀ṣì eyín gbo rìbọ́ọ̀nù ẹ̀, mo ṣan án, mo sá a títí tó fi gbẹ kí n tó gbé e fún Jámánì."

Ọkùnrin náà di orí mú bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé wọ́n fi mẹ́dáàlì se ọbẹ̀.

"Ohun tí mò ń bèèrè ni pé," ni Mummy wí, "kí ló dé tí kò tàn?"

Òórùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn padà wá sí imú mi. Ọṣẹ ni! Ọṣẹ ni láti ọjọ́ náà!

"Bóyá... bóyá ọṣẹ náà ti..." ni mo bẹ̀rẹ̀.

"Bóyá ọṣẹ náà ti kí ni?"

Olúbùnmi kò mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ó ti gba iná lọ́wọ́ Mr Crabbe, ó ń fi ṣeré káàkiri. Ó tan án sí kọ́tìnnì, ó tàn. Ó tan án sí kọ́là Elke, ó tàn. Ó tan án sí èékánná ara rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Ó wá yí i sí mi.

"Uncle," ló wí. "Why's your chest glowing?"

Mo wolẹ̀. Bọ́tìnì jákẹ́ẹ̀tì mi ti já níbi tí mo ti ń fò kiri ṣàlàyé. Láàárín rẹ̀, rìbọ́ọ̀nù mẹ́ta ń tàn yanran-yanran bí ojú ológbò.

"Ṣí i," ni Mummy wí. Wọn ò pè mí ní Jámánì.

Mo ṣí i.

Elke fọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí Èṣù ṣe ń ṣí fèrèsé fún ènìyàn. Mr Crabbe bú sẹ́rìn-ín! Ó ní, "Áà, ọ̀gbẹ́ni náà ní ayédèrú kan tó ń wọ̀! Kò burú, kò burú. Èyí tó ń tàn yìí ni ayédèrú. Ojúlówó ló wà lórí tábìlì yìí. Ìyá á ti ṣan ọṣẹ náà kúrò dáadáa ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀nà là. Kí n ṣáà ti ní "bẹ́ẹ̀ ni." Ilé mi ò ní bọ́ lọ́wọ́ mi, mẹ́dáàlì ò ní bọ́ lọ́wọ́ mi. Òǹtajà ọgbọ̀n ọdún ti búra fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Mummy ń wò mí. Mo rí i pé wọ́n fẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀, kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Mo la ẹnu. "Bẹ́ẹ̀..."

Ìgbà yẹn ni Elke gbé èyí tó wà lórí tábìlì, ó fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó di ojú, ó ń sọ̀rọ̀ sí bàbá àgbà rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní èdè Jámánì. Ó ní, Bàbá, a ti rí i. Ó ń bá òwú kóòtù mi sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ èdè Jámánì náà, àánú ọmọ náà sì ṣe mí. Ká ní n kò gbọ́ èdè náà, bóyá ǹ bá ti parí irọ́ mi.

"Gbé ìyẹn kalẹ̀," ni mo wí. "Kì í ṣe ti bàbá rẹ. Èmi ni mo rán an, ọjọ́ Ẹtì àti àná ni mo fi ṣe é. Ti bàbá rẹ rèé."

Mo yọ ọ́ ní àyà mi, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Àyà mi tutù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mr Crabbe ta kò mí. "Kò lè rí bẹ́ẹ̀! Òwú àtijọ́ ni!"

"Inú kóòtù mi ni mo ti fà á yọ."

"Ojúlówó ni, mo ní!"

"Ayédèrú ni! Èmi ni mo ṣe é!"

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ má fi iṣẹ́ mi ṣeré. Ọgbọ̀n ọdún!"

"Ìwọ náà má fi iṣẹ́ tèmi ṣeré! Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi rán an!"

Ẹ ti rí ibi tí olè àti adájọ́ ti ń jà, tí olè ní òun jalè, tí adájọ́ ní kò jalè? Olúbùnmi ti ṣubú lé àga, omi ń bọ́ lójú ẹ̀ fún ẹ̀rín. Mo sáré gun òkè, mo gbé kóòtù náà wá, mo fi ibi tí mo ti tú u hàn án. Kò tíì gbà. Mo ní kó gbé méjèèjì sọ́wọ́, kó wo rìbọ́ọ̀nù.

"Wo tèmi. Ọ̀kan ti ṣá, èkejì ń dán, ìkẹta wà láàárín. Oòrùn kan náà kọ́ ló pa wọ́n. Wo ojúlówó. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣá bákan náà. Rọra ṣí ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé. Ṣé o rí àwọ̀ ẹ̀, bó ṣe mú? Yí i padà. Ṣé o rí bí abẹ́rẹ́ ṣe jẹ aṣọ ẹ̀yìn ẹ̀ níbì kan ṣoṣo? Ènìyàn kan ṣoṣo ló ń gún un, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tèmi ò ní irú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó gún un rí."

Ọkùnrin náà wò ó, ó tún un wò. Imú rẹ̀ pọ́n sí i. Níkẹyìn ó kó gíláàsì rẹ̀ sínú àpótí.

"Ayédèrú tó dáa jù tí mo ti rí láyé mi," ló wí.

Ṣé ẹ mọ̀ pé inú mi tún dùn? Níbi tí mo ti ń jìyà ẹ̀sùn olè! Orí mi ò pé, mo gbà.

"Ẹ ti ń wọ̀ ọ́ láti ìgbà wo?" ni Elke bi mí.

"Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo wọ̀ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì 12."

Ó wò mí títí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í jà á lójú kó tó dé ẹnu. "Bàbá àgbà mi fi gbogbo ayé wá a," ló wí, "nígbà tó wà nínú kóòtù tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tó sì ń wọ̀. Ẹ̀yin náà wọ̀ ọ́ sábẹ́ kóòtù. Ẹ̀yin ọkùnrin!" Ó rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Ó dárí jì mí. N ò mọ ìdí rẹ̀ títí dòní.

Mummy ní tiwọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dúró kí àlejò lọ tán.

"Kàmẹ́rúùnù," ni wọ́n wí. "Kóyọ̀dé. Àmì àwọn tó lọ yìnbọn fún aládùúgbò wa lo so mọ́ àyà, o wá ń yan kiri ní Rye Lane. Ṣé kò sí nǹkan mìíràn tí èèyàn lè so ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀.

"Dìde. Mú kọ́kọ́rọ́ ilé mi wá."

Mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Mo gòkè lọ di ẹrù. Kò gba àkókò, arìnrìn-àjò kì í tú ẹrù rẹ̀ tán. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mummy, ẹ ti gba kọ́kọ́rọ́."

"Kọ́kọ́rọ́ ni mo gbà. Ṣé mo ní kí o lọ ni? Láti òní lọ, bó o bá ti òde dé, wàá kanlẹ̀kùn bí àlejò. Èmi tàbí Olúbùnmi la máa ṣí i. Wàá ṣí jákẹ́ẹ̀tì kí a rí àyà ẹ kí o tó wọlé. Títí dìgbà tí mo bá ní ó tó."

Oṣù mẹ́sàn-án rèé, wọn ò tíì ní ó tó. Bí òjò ń rọ̀, mo máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo máa tẹ agogo. Màá gbọ́ bàtà ilé tó ń wọ́ ṣàà ṣàà bọ̀. "Jacket, Uncle," ni Olúbùnmi máa wí, màá ṣí i, àwọn ará ilé òdìkejì á máa wò mí. Ìtìjú ńlá ni fún àgbà bíi tèmi. Ẹ fi ṣe àríkọ́gbọ́n, ẹ má sì jẹ́ kí oyè tí wọn ò fi yín jẹ pa yín bí ọtí.

Ṣùgbọ́n ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn yàrá tó ṣókùnkùn, ní ìlú mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó dìde nílẹ̀ rí láti wá ṣílẹ̀kùn fún mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mummy ṣí i, wọ́n sì ti yí padà kí n tó ṣí jákẹ́ẹ̀tì. Mo pè wọ́n. "Mummy, àyà mi ńkọ́? Ẹ ò yẹ̀ ẹ́ wò."

"Wọlé jàre, ọbẹ̀ mi ń jó!"

Wọn ò sì tíì dá kọ́kọ́rọ́ padà. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin òǹkàwé láàánú, pé àwọn kan nínú yín á fẹ́ kọ lẹ́tà sí wọn nítorí mi. Mo bẹ̀ yín ni o, ẹ má bá mi bẹ̀ wọ́n.